Ta Ni Ó Rán Yín? Ọlọ́pàá, Ìwé Àṣẹ àti Ẹnu Ọ̀nà Ilé Wa

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ọlọ́pàá àti òfin. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò, n kò sì ní gba iṣẹ́ wọn ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, onílé sì dáhùn. Ìdáhùn yẹn lè jẹ́ gbólóhùn kan péré, síbẹ̀ òun ni ó lè sọ bí ọ̀rọ̀ yóò ṣe rí nígbà tí ó bá dé iwájú adájọ́. Kò sí ìgbà tí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ iṣẹ́ ẹni tí ó ń kọ́ni ní èdè.

Ìbéèrè wa nìyí: bí ọlọ́pàá bá kan ilẹ̀kùn ilé yín, tí kò sì mú ìwé àṣẹ kóòtù, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní wọ́ráǹtì, lọ́wọ́, tí ó ní òun fẹ́ wọlé láti tú ẹrù yín wò, ṣé kí ẹ jẹ́ kí ó wọlé? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò sọ pé, "Ta ni èmi tí n óò dá ọlọ́pàá dúró?" Àwọn mìíràn yóò sọ pé, "Kò tó bẹ́ẹ̀! Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní tẹ pálọ̀ mi." Èmi rò pé ìdáhùn méjèèjì kù díẹ̀ káàtó. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ẹ̀tọ́ onílé ni láti bèèrè ẹni tí ó rán ọlọ́pàá wá àti iṣẹ́ tí a rán an, pé ìbéèrè náà kì í ṣe àfojúdi, àti pé ẹnu ni a fi ń bèèrè rẹ̀, a kì í fi ọwọ́ bèèrè rẹ̀.

Àgò lẹ́nu ọ̀nà

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé tiwa. Yorùbá kì í já wọ ilé onílé. Àlejò a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ké pé "Àgò onílé o!", a sì dúró títí onílé yóò fi dáhùn pé "Àgò yà!" Ẹni tí kò bá kágò kí ó tó wọlé, bí kò tilẹ̀ mú nǹkan kan, ó ti sọ ara rẹ̀ di ẹni ìfura. Ìdí èyí ni pé ilé ni a ń bo àṣírí sí. Ibẹ̀ ni a ti ń jẹun, ibẹ̀ ni a ti ń ṣàìsàn, ibẹ̀ ni tọkọtaya ti ń jà tí wọ́n sì ń parí ìjà. Àgò fi hàn pé ẹni tí ó wà níta mọ̀ pé ààlà wà láàárín òun àti onílé.

Ẹnì kan lè sọ pé àgò wà fún àlejò, kò sí fún aláṣẹ. Òótọ́ ni pé ìránṣẹ́ ọba kì í ṣe àlejò lásán. Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ ọba pàápàá ní àmì. Bí wọ́n ṣe fá orí ìlàrí Aláàfin ni gbogbo ayé fi ń dá a mọ̀. Ní Ifẹ̀, a mọ àwọn ẹmẹsẹ̀ Ọọ̀ni. Nígbà tí ọba bá fẹ́ kí ará ọ̀nà jíjìn gbà pé òun ni òun ránṣẹ́, ó lè fi ọ̀pá rẹ̀ tàbí àrokò lé ìránṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tí ó rí ọ̀pá náà mọ̀ pé bí ìránṣẹ́ bá hùwà búburú, ààfin ni òun yóò mú ẹjọ́ lọ. N kò sọ pé àwọn ìlàrí kò ni ará ìlú lára. Àwọn òpìtàn ti sọ fún wa pé ọ̀pọ̀ wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé agbára tí kò ní àmì kò ṣe é bi léèrè, àwọn bàbá wa sì mọ èyí kí òyìnbó tó dé.

Òwe kan wà tí ó kó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí já: ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. A sábà máa ń pa òwe yìí láti fi gba ìránṣẹ́ níyànjú kí ó má fòyà. Ẹ jẹ́ kí a gbé e síwájú ọlọ́pàá tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ta ni ó ń bẹ̀rù? Bí ó bá jẹ́ pé òfin ni ó rán an, òfin ni yóò bẹ̀rù, yóò sì jẹ́ iṣẹ́ náà bí òfin ṣe rán an. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀gá kan tí ó ń bínú sí yín ni ó rán an, ọ̀gá náà ni yóò bẹ̀rù. Bí ó bá sì jẹ́ pé òun ni ó rán ara rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bẹ̀rù rárá. Ìwé àṣẹ kóòtù ni ó ń jẹ́ kí onílé mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó dúró síwájú òun.

Ìránṣẹ́ ọba ní ilé òǹkọ̀wé kan

Àwọn tí ó mú òfin yìí wá sọ́dọ̀ wa náà jìyà kí wọ́n tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1762, ìránṣẹ́ ọba mẹ́rin, tí orúkọ ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Nathan Carrington, wọ ilé òǹkọ̀wé kan tí ń jẹ́ John Entick ní Lọ́ńdọ́nù. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó ń kọ ọ̀rọ̀ tí ó ń tàbùkù ìjọba. Fún bíi wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi ń fọ́ kọ́kọ́rọ́ àpótí, tí wọ́n ń ka ìwé oníwèé, wọ́n sì kó púpọ̀ lọ. Ìwé àṣẹ kan wà lọ́wọ́ wọn o, ṣùgbọ́n kì í ṣe adájọ́ ni ó kọ ọ́; mínísítà ìjọba kan, Lord Halifax, ni ó fọwọ́ sí i.

Entick pe àwọn ìránṣẹ́ náà lẹ́jọ́. Ní ọdún 1765, Lord Camden tí ó jẹ́ olórí adájọ́ kóòtù náà dájọ́ pé kò sí òfin kankan tí ó fún mínísítà ní irú agbára bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó wọlé pẹ̀lú ìwé rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó rú ààlà onílé. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkínní ni pé àṣẹ láti wọ ilé ẹni kò sí nínú aṣọ iṣẹ́ tàbí nínú ipò. Inú òfin ni ó wà. Èkejì ni pé kì í ṣe gbogbo bébà tí a fi òǹtẹ̀ lù ni ìwé àṣẹ.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, tí wọ́n sì mú òfin ilẹ̀ wọn wọ ibẹ̀ ní ọdún 1863, ìmọ̀ yìí wà nínú ẹrù tí wọ́n gbé wá. Òun ni ó di ti wa títí di òní.

Ohun tí òfin wa sọ

Ìwé Òfin Ìpilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní ẹsẹ̀ 37, dáàbò bo àṣírí gbogbo ọmọ ìlú, ilé wọn, lẹ́tà wọn àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lórí tẹlifóònù. Ẹsẹ̀ 45 sọ pé a lè fi òfin dín ẹ̀tọ́ yìí kù nítorí ààbò ìlú, ìlera gbogbo ènìyàn, tàbí láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Ẹ kíyè sí i pé òfin ni ó lè dín in kù. Ìbínú ọ̀gá ọlọ́pàá kò lè dín in kù.

Ọ̀kan nínú irú òfin bẹ́ẹ̀ ni Òfin Ìṣàkóso Ìdájọ́ Ìwà Ọ̀daràn ti ọdún 2015, tí ó wà fún àwọn kóòtù ìjọba àpapọ̀ àti Àbújá. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ní tiwọn. Èkó tilẹ̀ ti ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2007 kí ti ìjọba àpapọ̀ tó jáde. Òfin 2015 ní kí ọlọ́pàá tí ó fẹ́ yẹ ilé kan wò lọ síwájú adájọ́, májísíréètì tàbí J.P., kí ó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì búra sí i. Bí ìdí náà bá mọ́gbọ́n dání, a ó fún un ní ìwé tí ó ní ìbuwọ́lù. Àwọn ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yẹ ilé náà wò, àyàfi bí kóòtù bá sọ pé kò pọn dandan, onílé sì lè mú ẹlẹ́rìí tirẹ̀ wá láti àdúgbò. Onílé tàbí aṣojú rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti wà níbẹ̀, bí ó bá sì bèèrè, kí wọ́n fún un ní àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n kó. Bí ó bá jẹ́ obìnrin ni wọ́n fẹ́ yẹ ara rẹ̀ wò, obìnrin ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ tún mọ èyí: lábẹ́ òfin 2015, a lè lo ìwé àṣẹ nígbàkígbà, lọ́jọ́ Sunday tàbí lọ́jọ́ ìsinmi. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rò pé òun lè fi "ilẹ̀ ti ṣú" lé ọlọ́pàá tí ó ní ìwé padà ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Òfin kò sọ pé ọlọ́pàá kò lè wọlé láéláé láìsí ìwé. Bí ó bá ń lépa ẹni tí òfin fún un ní agbára láti mú, tí ó sì ní ìdí tí ó dájú láti gbà pé ẹni náà ti wọ ilé yín, òfin ní kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn fún un nígbà tí ó bá bèèrè. Bí ẹ bá kọ̀, ó lè fọ́ ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wá ènìyàn kò ní ìdí láti ṣí àpótí ìlẹ̀kẹ̀. Ènìyàn kì í sá pamọ́ síbẹ̀. Bákan náà, bí ẹnì kan bá ń ké "Ẹ gbà mí o!" nínú ilé, kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò ní kí ọlọ́pàá kọ́kọ́ lọ sí kóòtù.

Ìwúwo "Ẹ wọlé"

A wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan èdè gan-an. Bí ọlọ́pàá kò bá ní ìwé, tí kò sì lépa ẹnikẹ́ni, ohun kan ṣoṣo tí ó kù tí ó lè gbé e wọlé ni ẹnu yín. Yorùbá jẹ́ ọlọ́yàyà. "Ẹ wọlé, ẹ jókòó, ẹ mumi" máa ń jáde lẹ́nu wa kí a tó mọ ohun tí àlejò bá wá. Lójú tiwa, ìkíni ni. Lójú òfin, ó lè di ìyọ̀ǹda. Ẹni tí a sì ti yọ̀ǹda fún, ó ṣòro láti padà wá sọ pé ó já wọlé.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Bí wọ́n bá wọlé láìtọ́, adájọ́ yóò sọ ohun tí wọ́n rí nù." Amẹ́ríkà ni ìyẹn ti rí bẹ́ẹ̀, níbi tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọn ti pàṣẹ ní ọdún 1961, nínú ẹjọ́ Mapp, pé kí àwọn kóòtù ìpínlẹ̀ má ṣe gba ẹ̀rí tí a fi ìwọlé àìtọ́ rí. Ti Nàìjíríà yàtọ̀. Nínú ẹjọ́ Musa Sadau ní ọdún 1968, wọ́n dájọ́ pé ẹ̀rí tí ó bá kan ọ̀rọ̀ kò di aláìwúlò nítorí pé ọ̀nà tí a gbà rí i kò tọ́. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 tún un ṣe díẹ̀: ó ní kí adájọ́ wọn ire àti ibi tí ó wà nínú gbígba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, kí ó wo bí ìwà àìtọ́ náà ṣe wúwo tó, àti bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ hù ú. Ìtumọ̀ èyí fún ará ilé ni pé kí a má fi gbogbo ìrètí sí ẹ̀yìn ọ̀la. Ẹnu ọ̀nà ni kí a ti tọ́jú ẹ̀tọ́ wa.

Bí a ṣe lè sọ ọ́

Kí ni kí a sọ nígbà náà? Ohùn pẹ̀lẹ́ ni. "Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó rán yín? Ẹ jẹ́ kí n rí káàdì ìdánimọ̀ yín àti ìwé àṣẹ tí ẹ mú wá." Bí ìwé bá wà, ẹ kà á: orúkọ ta ni, àdírẹ́sì ibo, ta ni ó fọwọ́ sí i, kí ni wọ́n ń wá? Bí ó bá pé, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ pe aládùúgbò kan kí ó wá ṣe ẹlẹ́rìí, kí ẹ sì máa tẹ̀ lé wọn láti yàrá dé yàrá. Bí ìwé kò bá sí, ẹ lè sọ pé, "Ọ̀gá, n kò bá yín jà, ṣùgbọ́n n kò yọ̀ǹda kí ẹ yẹ ilé mi wò láìsí ìwé kóòtù. Ẹ jẹ́ kí n pe agbẹjọ́rò mi."

Bí wọ́n bá fi agbára wọlé lẹ́yìn èyí, ẹ má ṣe na ọwọ́ sí wọn, ẹ má ṣe di ọ̀nà mọ́ wọn. Ẹ tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i pé ẹ kò yọ̀ǹda, kí àwọn tí ó wà níbẹ̀ gbọ́. Ẹ fi ojú kó orúkọ tí ó wà láyà aṣọ, nọ́ńbà mọ́tò, àti àkókò. Ẹsẹ̀ 35 Òfin Ìpilẹ̀ fún ẹni tí a mú ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi rí agbẹjọ́rò rẹ̀. Ẹsẹ̀ 46 sì fún ẹni tí a tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ láyè láti lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga. Kóòtù ni a ti ń jà; a kì í jà á lẹ́nu ọ̀nà níwájú ìbọn.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ àti ọmọ ọ̀dọ̀ náà. Ọmọ tí ó bá wà nílé nìkan yẹ kí ó mọ bí a ti ń sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ dúró, mo ń pe bàbá mi."

Àtakò méjì

Àtakò kìíní ni pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kò ní ohun tí yóò fi pamọ́. Nínú ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, irú èyí tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí fi ṣe wá ní àǹfààní, ó rọrùn láti gbè sẹ́yìn ẹni tí ó ń tú ilé kiri, nítorí pé òǹkọ̀wé ni ó mọ ẹni tí ó jẹ̀bi, yóò sì sọ fún wa kí ìwé tó tán. Nínú ayé, kò sí òǹkọ̀wé tí yóò sọ fún ọlọ́pàá kí ó tó wọlé. Nítorí náà ni òfin fi ní kí adájọ́ tí kò bá onílé ṣọ̀tá kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ṣebí olè náà mọ bí a ti ń wọ aṣọ ọlọ́pàá? Ẹni tí ó bèèrè ìwé ń dáàbò bo ara rẹ̀, ó sì ń dáàbò bo orúkọ ọlọ́pàá tòótọ́.

Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Àbújá ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2021. Àwọn kan lọ sí ilé Adájọ́ Mary Odili ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pẹ̀lú ìwé àṣẹ tí májísíréètì kan fọwọ́ sí. Ní ọjọ́ kan náà ni májísíréètì náà fagi lé ìwé yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi gbà á ṣi òun lọ́nà. Lẹ́yìn náà, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá kéde pé ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n mú, tí ó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá ọlọ́pàá, kì í ṣe ọlọ́pàá rárá. Bí èyí bá lè dé ilé adájọ́ àgbà, kí ni ti ilé tálákà?

Àtakò kejì wúwo ju ti ìṣáájú lọ: pé ní ilẹ̀ yìí, ẹni tí ó bá bèèrè ìwé lè gba ìgbátí dípò ìdáhùn. N kò ní sẹ́ ẹ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn sọ́jà, tí wọn kì í tilẹ̀ ṣe ọlọ́pàá, ya bo ilé Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ní Èkó. Wọ́n lu àwọn ará ilé, wọ́n ju ìyá rẹ̀, Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, láti ojú fèrèsé òkè, ilé náà sì jóná. Ìyá náà kú ní oṣù Kẹrin ọdún 1978. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba parí iṣẹ́, wọ́n ní sọ́jà kan tí a kò mọ̀ ni ó dáná sun ilé náà. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa: sọ́jà tí a kò mọ̀. Bí kò bá sí ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé, kò sí ẹni tí ó ránṣẹ́; bí kò bá sí ẹni tí ó ránṣẹ́, kò sí ẹni tí a ó pè lẹ́jọ́. Bébà pélébé kò lè dá ìbọn dúró, mo gbà. Ṣùgbọ́n ó lè mú kí a mọ orúkọ ẹni tí ó gbé ìbọn wá, ohun tí ìdílé yẹn kò sì rí gbà nìyẹn.

Ìparí ọ̀rọ̀

Yorùbá ní ògiri tí kò lanu, aláǹgbá kò ráyè wọ ibẹ̀. Ìgbà tí gbogbo wa bá ń dákẹ́ ni ògiri ń lanu. Bí ẹnì kan bá bèèrè ìwé ní àdúgbò, wọ́n lè pè é ní alágídí. Bí ogún ilé bá ń bèèrè, yóò di àṣà, ọlọ́pàá yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé kí ó tó jáde ní tẹ̀ṣán.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn ọlọ́pàá, nítorí pé ọmọ wa àti àbúrò wa ni wọ́n. Orúkọ tí Yorùbá fún yín, ọlọ́pàá, ọ̀pá wà nínú rẹ̀. Ọ̀pá ni àmì ẹni tí ó rán ni. Àwọn àgbà sì sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ mú ọ̀pá yín wá, ẹ kágò, onílé tí ó mọ òfin yóò dáhùn pé, "Àgò yà."